Ìfẹ́ àti Ọ̀dàlẹ̀ nínú Eré Ta-ni-yóò-kù

Irú ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Jàpáànù máa ń yà sínú ìwé alàwòrán tí wọ́n ń pè ní mángà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Wọn a kó ènìyàn mélòó kan jọ sí ojú kan, ìbáà ṣe ọmọ ilé-ìwé, ìbáà ṣe àjèjì tí kò mọ ara wọn rí. Wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọn a sì ka òfin eré kan sí wọn létí. Ẹni tí ó bá borí yóò yè. Ẹni tí kò bá borí, ikú ni ti rẹ̀. Bí a bá pè é ní eré ta-ni-yóò-kù, a kò ṣì í pè. Àgbàlagbà tí ó bá ṣèèṣì ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ pàdé nínú rẹ̀, a sì yára pa á dé. Kò jẹ̀bi, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó so àwọn ọ̀dọ́ mọ́ ìtàn wọ̀nyí. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú wọn, inú ọkàn ni ó ń gbé. Ìbẹ̀rù pé ẹni tí a fẹ́ràn jù lọ lè jẹ́ ẹni tí yóò pa wá ni èkíní. Èkejì burú jù ú lọ: pé àwa fúnra wa lè jẹ́ ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé alàwòrán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìfẹ́ àti ikú fi so kọ́ra báyìí nínú ìtàn ilẹ̀ Jàpáànù ní láti padà sí ìlú Osaka ní ọdún 1703. Ní ọdún náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í ṣe akọ̀wé nílé oníṣòwò, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a ti fi ṣòwò aṣẹ́wó, jọ wọ inú igbó Sonezaki lóru, tí wọ́n sì kú síbẹ̀ pọ̀. Kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí Chikamatsu Monzaemon fi sọ ọ̀rọ̀ wọn di eré ọmọlangidi ní ilé eré Takemoto-za. Tokubei ni orúkọ ọkùnrin nínú eré náà, Ohatsu ni ti obìnrin. Kuheiji, ọ̀rẹ́ Tokubei, wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò àtisan án, Kuheiji sẹ́ kanlẹ̀, ó sì tún fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ pé ó fi èdìdì òun ṣe ìwé èké. Kí ìfẹ́ tó sọ pé ikú ni ó kù, ọ̀rẹ́ ti kọ́kọ́ dalẹ̀.

Ibì kan wà nínú eré náà tí àwọn ará Jàpáànù kò gbàgbé títí di òní. Ohatsu jókòó ní ẹ̀bá pèpéle, Tokubei sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, aṣọ obìnrin náà ni ó bò ó. Kuheiji wọlé, ó ń fọ́nnu. Ohatsu kò lè bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àṣírí má baà tú. Ṣe ni ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ bi ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ léèrè bóyá ó ti múra tán láti kú. Tokubei di ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì fà á gba ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ kọjá. Ìdáhùn nìyẹn. Nínú gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú ilé náà, àwọn méjì péré ni ó mọ inú ara wọn.

Eré náà gba ìlú kan, àwọn òǹkọ̀wé mìíràn sì ń kọ irú rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ tí ayé ká mọ́ náà ń tọ ọ̀nà kan náà lọ, títí ìjọba Tokugawa fi figbe bọnu. Ní ọdún 1723 ni òfin líle jáde. Wọn kò gbọdọ̀ fi irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣeré mọ́, wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Òkú àwọn tí ó bá ṣe é kò ní ẹ̀tọ́ sí ìsìnkú. Bí méjèèjì bá yè, wọn a tò wọ́n síta gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn a sì yọ wọ́n kúrò láàrin ọmọ ènìyàn gidi. Bí ọ̀kan bá sì kú tí èkejì yè, òfin ka èyí tí ó yè sí apànìyàn. Ó yẹ kí a fi èyí tí ó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá jẹ yọ ní ibi tí a kò retí rẹ̀.

Fún Chikamatsu, ikú ni ẹ̀rí ìfẹ́. Ẹni méjì tí ó bá jọ kú ti fi han gbogbo ayé pé àwọn kò tan ara wọn. Eré ta-ni-yóò-kù da ọ̀rọ̀ náà dojú dé. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni yóò yè, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yè ní láti kọjá lórí òkú èkejì. Ta ni yóò wá fi ẹ̀rí hàn nígbà náà? Bí olólùfẹ́ bá wí pé, “Èmi yóò kú fún ọ,” a kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni títí yóò fi kú, nígbà tí ó bá sì kú tán, kò sí ẹni tí a óò tún fẹ́ràn mọ́.

Kí èrò yìí tó lè gbilẹ̀, nǹkan kan ní láti kọ́kọ́ bàjẹ́ láàrin àgbà àti ọmọdé ní ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ni yóò tọ́ka sí ogun. Ní oṣù Keje ọdún 1945, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí ń jẹ́ Kinji Fukasaku wà lára àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ìjọba kó lọ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Àwọn àgbá ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lù wọ́n. Kò sí ibi tí wọn yóò sá sí. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́ ara àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni àwọn tí ó yè sá wọ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, àwọn ọmọ náà ni wọ́n ní kí wọ́n palẹ̀ òkú mọ́. Ibi tí ó ti ń ṣa apá àti ẹsẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ òun ní ilé-ìwé nípa ogun náà, àti pé àgbà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó di olùdarí fíìmù. Ó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ ìta. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlọ́gọ́ta kọjá kí ó tó rí ìtàn tí ó lè gba ọ̀rọ̀ yìí.

Láàrin ìgbà náà, Kazuo Umezu kọ ìtàn kan láti ọdún 1972 sí 1974 nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Shonen Sunday. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, pẹ̀lú ènìyàn 862 nínú rẹ̀, ṣàdéédéé pòórá, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú tí ayé ti di aṣálẹ̀. Àwọn àgbà ni ó kọ́kọ́ ya wèrè. Ọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ wá fún ilé-ìwé gba gbogbo oúnjẹ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ fọkàn tán pa àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ Umezu fi ìyá kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà wà ní ayé àtijọ́, ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ iwájú, ó sì lọ fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú ògiri ilé ìtura kan kí ọmọ náà lè bá a níbẹ̀ nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé Umezu kò ní irú inú rere bẹ́ẹ̀. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò.

Ọ̀rọ̀ ajé ilẹ̀ Jàpáànù tí ó ń wú bí àkàrà nínú epo fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí iwájú. Ìlérí àtijọ́ ni pé ọmọ tí ó bá kàwé dáadáa yóò rí iṣẹ́, iṣẹ́ náà yóò sì gbé e dé ọjọ́ ogbó. Àwọn tí ó jáde ní yunifásítì ní àkókò náà bá ilẹ̀kùn ní títì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 6,000. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún kan náà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Aum Shinrikyo tú atẹ́gùn olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo. Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní yunifásítì ńlá wà lára wọn. Ní ọdún 1997, ní Kobe kan náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n mú fún pípa àwọn ọmọdé. Àwọn òbí ń wo ọmọ wọn bí àjèjì, àwọn ọmọ náà ń wo àwọn òbí bí onígbèsè.

Onígbèsè gan-an ni Kaiji, akọni inú mángà tí Nobuyuki Fukumoto bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Ó ṣe onídùúró fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, onítọ̀hún sá lọ, gbèsè wá dé bá a. Wọ́n mú un wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìrètí, níbi tí àwọn onígbèsè ti ń fi eré ọmọdé tí a fi ọwọ́ ṣe, ti òkúta, àlùmọ́gàjí àti ìwé, ta ayé ara wọn. Ibẹ̀ ni ó ti tún pàdé ẹni tí ó sá náà. Wọ́n jọ mùlẹ̀. Kaiji fi ara rẹ̀ sínú ewu nítorí àwọn méjì tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́. Nígbà tí ó kan àtifi owó rà á padà, àwọn méjèèjì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Ìwé tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni Battle Royale ti Koushun Takami. Ó kọ́kọ́ fi í du ẹ̀bùn ìwé ìtàn ẹlẹ́rù-jẹ̀jẹ̀ kan ní ilẹ̀ náà. Àwọn onídàájọ́ kọ̀ ọ́ ní ìpele tí ó kẹ́yìn, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí wọn nínú. Ilé iṣẹ́ Ohta tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, ó sì tà bí ẹni tú u dànù. Kíláàsì kan tí ó ní ọmọ 42, ọkùnrin 21, obìnrin 21, ni ìjọba kó lọ sí erékùṣù kan, tí wọ́n fi ọ̀já irin sí lọ́rùn, tí wọ́n ní kí wọ́n pa ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan. Bí wákàtí 24 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kú, gbogbo ọ̀já náà yóò bú gbàù. Láti ọdún 2000 sí 2005 ni Takami àti Masayuki Taguchi sọ ọ́ di mángà onídìpọ̀ 15.

Nínú gbogbo ikú inú rẹ̀, èyí tí ó ń dẹ́rù bani jù ni ti ilé gíga oníná tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ti ara wọn mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ, wọ́n ní ìbọn, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Olórí wọn, Yukie, gbé Shuya tí ó fara gbọgbẹ́ wọlé, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, Yuko, ti rí Shuya níbi tí ọmọkùnrin kan ti kú lọ́nà tí ó burú jáì, ó sì gbà pé òun ni ó pa á. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó fi májèlé sínú oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un. Ọ̀rẹ́ wọn kan ni ó tọ́ oúnjẹ náà wò, ó sì ṣubú lulẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo wọn ti na ìbọn sí ara wọn. “Ta ni ó se oúnjẹ náà? Ta ni ó fẹ́ pa wá?” Ẹni tí ó mọ̀ kò lè la ẹnu fún ìbẹ̀rù. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, Yuko nìkan ni ó kù láàyè, òun náà sì fò sílẹ̀ láti orí ilé náà. Ọ̀tá kankan kò wọ ibẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín kò tilẹ̀ sí kòkòrò, ìfura lásán ni ó jẹ obì náà tán.

Fukasaku ka ìwé náà, ó sì rí ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti ọdún 1945 nínú rẹ̀. Fíìmù tí ó ṣe jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2000, nígbà tí òun ti di ẹni àádọ́rin ọdún. Kawada, ọmọkùnrin kan nínú rẹ̀, ti ṣe eré náà rí, ó sì borí, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ rẹ̀ kú níbẹ̀. Bí ó ti ń kú lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ohun tí ó mú Kawada padà wá kò ju pé kí ó mọ ìtumọ̀ ẹ̀rín náà: ọpẹ́ ni, àbí ìdáríjì, àbí ẹ̀gàn? Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, Koki Ishii, gbé fíìmù náà dé iwájú ilé pé ó lè ba àwọn ọmọdé jẹ́, wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi òfin de àwọn tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dun Fukasaku, nítorí àwọn ọmọ bí ọjọ́ orí tirẹ̀ ní 1945 ni ó ṣe é fún. Ó kú ní oṣù Kínní ọdún 2003.

Lẹ́yìn èyí ni irú ìtàn náà di púpọ̀ lórí àtẹ. Ní ọdún 2008, alárìíwísí Tsunehiro Uno kọ ìwé kan lórí èrò inú àwọn ọ̀dọ́ ọdún 2000 sí iwájú. Ó ní àwọn ìtàn ọdún 1995 sí ẹ̀yìn ń kọ́ ọmọ pé kí ó sé ara rẹ̀ mọ́lé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e ní bí ó bá jókòó sílé, wọn yóò pa á. Kí ó yan ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n lójú ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ọmọ náà yóò bá jà bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn.

Haro Aso gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ nínú Alice in Borderland, tí ó kọ láti 2010 sí 2016. Káàdì ni wọ́n fi ń pín eré ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn tí ó ní àmì ọkàn lára ni gbogbo wọn ń sá fún, nítorí ọkàn ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣeré. Nínú Ọkàn Méje, Arisu àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ inú ọgbà kan. Ẹnì kan ni ìkookò, àwọn mẹ́ta yòókù ni àgùntàn. Ẹni tí ìkookò bá fi ojú kàn ni ipò náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Bí àkókò bá pé, ìkookò nìkan ni yóò yè. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọgbà yìí, ẹni tí ó bá wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba ẹ̀mí rẹ̀. Arisu ni ó kẹ́yìn jẹ́ ìkookò. Ó ń sunkún, ó ń wá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri kí òun lè fi ipò náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n sá pamọ́ fún un títí wọ́n fi kú, kí ó má baà rí wọn. Ìfẹ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí ó dágbére fún wọn.

Ṣùgbọ́n Mirai Nikki ti Sakae Esuno ni ó padà lọ sí igbó Sonezaki. Ìwé ìròyìn Shonen Ace ni ó ti ń jáde láti oṣù Kínní ọdún 2006 sí oṣù Kejìlá ọdún 2010, ìdìpọ̀ 12 sì ni. Yukiteru, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò ní ọ̀rẹ́, máa ń kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sínú tẹlifóònù alágbèéká rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, tẹlifóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀. Òrìṣà tí ń ṣàkóso àkókò ti yan ènìyàn 12 tí ó ní irú ìwé ìrántí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n pa ara wọn. Ẹni tí ó bá kù ni yóò jogún ìtẹ́ rẹ̀. Bí tẹlifóònù bá fọ́, ẹni tí ó ni ín kú.

Yuno, ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀, wà lára àwọn 12 náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí lọ. Ohun tí ìwé ìrántí tirẹ̀ ń sọ ni ohun tí Yukiteru ń ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò sọ nǹkan mìíràn. Ìwé ti Yukiteru sì ń sọ gbogbo ohun tí ó yí i ká, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa òun fúnra rẹ̀. Kò lè yè láìsí Yuno. Yuno gba a là lọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, òùn ni ó tún ń bà á lẹ́rù ju ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun lọ. Ó wọ ilé rẹ̀, ó bá òkú mẹ́ta nínú yàrá kan. Méjì jẹ́ ti àwọn òbí Yuno, tí wọ́n ti í mọ́ inú àgò nígbà kan rí tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa, tí òun náà sì ti wọ́n mọ́ ọn ní ìpadàbọ̀. Ta ni ẹ̀kẹta? Bàbá Yukiteru fúnra rẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gbìyànjú láti fọ́ tẹlifóònù ọmọ rẹ̀ nítorí owó, ó sì pa ìyá ọmọ náà. Àwọn àgbà ni ó kọ́kọ́ dalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fukasaku ti wí.

Níkẹyìn àṣírí tú. Eré yìí ti wáyé rí, ní ayé kan tí ó ṣáájú èyí. Yukiteru àti Yuno ni ó kù síbẹ̀, wọ́n sì pinnu láti jọ mu májèlé kú, gẹ́gẹ́ bí Tokubei àti Ohatsu. Yukiteru gbé e mì. Yuno kò gbé e mì. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá di òrìṣà, òun yóò jí i dìde. Ó di òrìṣà, ó sì rí i pé òrìṣà kò lè jí òkú. Ó sá padà sí àkókò tí eré kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ní ayé kejì, ó pa Yuno tí ó bá níbẹ̀, ó gba ipò rẹ̀. Òkú kẹta nínú yàrá náà, ara rẹ̀ ni. Òfin ọdún 1723 ti dá a lẹ́bi láti ìgbà pípẹ́: ọ̀kan kú, èkejì yè. Ó ń fẹ́ràn Yukiteru lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ibi tí ìfẹ́ náà ń lọ.

Àwọn méjì kan wà láàrin àwọn 12 náà tí Esuno kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ìwé ìrántí Marco ń sọ ọjọ́ iwájú Ai, ti Ai ń sọ ti Marco; ọ̀kan kò wúlò láìsí èkejì. Nígbà tí Ai kú, Marco kò kúrò nínú ilé gíga tí ó ń wó lọ. Yukiteru rí wọn, ó sì mọ̀ pé òun kò tí ì fẹ́ ẹnikẹ́ni rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó kù wọ́n méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, Yuno ni ó fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀. Yukiteru di òrìṣà ayé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sínú òfìfo náà fún ọdún 10,000, tẹlifóònù rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan tuntun sí i. Ìlà kan ṣoṣo ni ó wà lójú rẹ̀, pé Yuno ti kú.